Káàdì alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù ibẹ̀ o, o sì kú iṣẹ́ káàdì àtijọ́ tí ò ń dà kọ, èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹyẹ ń dé àti ọjọ́ tó ń lọ sí, ká lè mọ̀ bóyá ẹyẹ ti ń tètè dé ju ti àtijọ́ lọ. Láti 1881 tí Wells Cooke, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ti bẹ̀rẹ̀ sí gba àkọsílẹ̀ yẹn jọ ní Amẹ́ríkà, títí di 1970, káàdì náà tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Má kánjú.

Mú ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan. Wàá rí ìlú àti ọdún, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹyẹ náà, ọjọ́ tí wọ́n tún rí i, ọjọ́ tó di púpọ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ojú gbogbo ènìyàn ń lọ sí, ibẹ̀ gan-an ló sì léwu. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń wo ojú ọ̀run níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń wò tẹ́lẹ̀, wọn á tètè rí ẹyẹ, ojú ọjọ́ ì báà má yí padà. Bí ẹyẹ bá sì dínkù, á pẹ́ kí wọ́n tó rí ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ ò pẹ́ dé. Ọjọ́ tó di púpọ̀ ni kí o gbára lé jù. Èyí tó bá ṣófo, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má méfò rárá.

Ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin jẹ́ 105, àmọ́ 106 ni lọ́dún tí oṣù Kejì bá ní ọjọ́ 29. 1900 kò ní in o. Tí o bá máa wo àkọsílẹ̀ Robert Marsham, ẹni tó ń kọ àmì ìgbà ìrúwé sílẹ̀ lọ́dọọdún ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1736, tí ìdílé rẹ̀ ń kọ títí di 1958, rántí pé ọdún 1752 ni ìlú ọba yí kàlẹ́ńdà padà. Wò ó bóyá wọ́n ti tún ọjọ́ ìṣáájú ṣe. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, fi 11 kún un. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹyẹ ijọ́un á dà bí ẹni tó tètè dé, ìyípadà tí à ń wá á sì sá mọ́ wa lójú. Má sì da alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ibi méjèèjì pọ̀: ti Norfolk láti Áfíríkà ló ń bọ̀, tìrẹ láti Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ pied flycatcher, ẹyẹ kékeré kan tó ń jẹ kòkòrò, ló ń dùn mí jù. Apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ló ti ń lo ìgbà òtútù. Gígùn ọ̀sán ló ń sọ fún un pé ó yá; kò síbi tó ti máa mọ̀ pé ooru ti tètè mú ní Netherlands. Kó tó débẹ̀, kó yé, kó pamọ, kòkòrò ajewé tó fẹ́ fi bọ́ ọmọ ti ń tán lórí igi. Lọ́dún 2006, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé níbi tí kòkòrò ti ń tètè yọ jù, ẹyẹ náà ti fi nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 dínkù láàárín ogún ọdún.

Káàdì tí 1 àti 7 bá ti jọra tí o kò mọ èyí tó jẹ́, ya fọ́tò rẹ̀, tẹ̀yìn-tẹ̀yìn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́