Ẹ Dárúkọ Àwọn Olùdámọ̀ràn Ìpàgọ́ Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo lọ mú ọmọ mi ní ìpàgọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe fáwọn ọmọdé nínú ìsinmi gígùn yìí. Ètò ìkádìí pẹ́ gan-an. Wọ́n pe alága ọjọ́, wọ́n pe ẹni tó fún wa ní ìrẹsì, wọ́n pe ẹni tó yá wa ní jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ. Nígbà tó kan àwọn olùdámọ̀ràn, ìyẹn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti bójú tó àwọn ọmọ ní ìpàgọ́, ohun tí wọ́n sọ kò ju "Ẹ̀yin kańsẹ́lọ̀ wa, a dúpẹ́ o" lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ sí nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, wọ́n ń di fóòmù, wọ́n ń wá bàtà ẹsẹ̀ kan tó sọnù.

Ó dùn mí, mo sì mọ ìdí tó fi dùn mí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà táwọn òbí mi kọ́kọ́ rán mi lọ sí ìpàgọ́ Scripture Union, ẹgbẹ́ Kristẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Mo ṣì ń tọ̀ sórí ẹní nígbà náà, ẹ̀rù pé àwọn ẹgbẹ́ mi á mọ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ. Àǹtí tó ń bójú tó yàrá wa kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ dáadáa. Alaalẹ́ ló ń fi tọ́ọ̀ṣì jí mi, a ó jọ jáde nínú òkùnkùn. Ní alẹ́ kẹta, oorun gbé òun náà lọ, ohun tí mò ń bẹ̀rù sì ṣẹlẹ̀. Kí agogo ìdájí tó dún, ó ti fọ aṣọ ìbora mi, ó fọ tirẹ̀ náà mọ́ ọn, ó sì sá méjèèjì sẹ́yìn ilé ìdáná kí tèmi má baà dá wà lórí okùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí a fi lọ sílé.

Dòní olónìí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Àǹtí la ń pè é. Lọ́jọ́ ìkádìí tiwa náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ní 1868, Josiah Spiers, ọkùnrin kan tó ń wàásù fáwọn ọmọdé, kọ "Ìfẹ́ ni Ọlọ́run" sórí iyanrìn etí òkun ní Llandudno, ní Wales, àwọn ọmọdé sì fi òkúta ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Scripture Union ti jáde, tó fi dé Nàìjíríà ní 1884. A mọ orúkọ Spiers nítorí pé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà, nínú Róòmù orí 16, kò kàn sọ pé "ẹ kí àwọn òṣìṣẹ́." Ó dárúkọ Fébè, ó dárúkọ Pìrìsílà àti Àkúílà, ó dárúkọ èyí tó lé ní ogún ènìyàn, ó sì sọ ohun tí púpọ̀ nínú wọn ṣe.

Àwọn tí mò ń sọ yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn tó fi ìsinmi ọdún rẹ̀ wá. Tísà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì wà níbẹ̀ tó fowó ara rẹ̀ wọkọ̀. Àwọn ló mọ ọmọ tí yóò lo oògùn lẹ́yìn oúnjẹ àti ọmọ tó ń sunkún ìyá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún owó oṣù. Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìpàgọ́, ẹ dá owó ọkọ̀ wọn padà. Ẹ kọ̀wé ìdúpẹ́ sí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Ẹ kọ́ wọn dáadáa kí ìpàgọ́ tó bẹ̀rẹ̀, títí kan ohun tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ, kí ẹ sì yẹ̀ wọ́n wò kẹ́ ẹ tó fọmọ lé wọn lọ́wọ́; ẹni tó fẹ́ràn ọmọdé ní tòótọ́ kò ní bínú sí ìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé ìpàgọ́, ẹ pè wọ́n síwájú ìjọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ àti orúkọ bàbá.

Kí ọkọ̀ wa tó gbéra ní Sátidé yẹn, mo wá ọ̀dọ́mọkùnrin tó bójú tó ọmọ mi lọ sẹ́yìn ilé. Okùn fóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í ní orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti mú un fún pásítọ̀ wa.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Ìbàdàn.