Ọmọ tó ń sá fún ike omi ọ̀rẹ́ ẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà n'Ìkòròdú níbí tí ọmọ mi tó wà ní JSS 2 fi wọlé tó ní òun ò ní jókòó ti ọ̀rẹ́ òun mọ́, pé wọ́n ní ìyá ẹ̀ ń gba oògùn éèdì, táwọn bá sì jọ mu omi nínú ike kan náà òun á kó o. Háà! Ọmọ tó mọ gbogbo orin TikTok lórí o.

Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ láìlo rọ́bà, abẹ́rẹ́ tẹ́lòmíì ti lò, àti ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbí tàbí nínú ọmú, ibẹ̀ ló ń gbà, ẹ̀fọn ò lè gbé e, ife ò lè gbé e, ẹni tó bá sì ń lo oògùn déédéé tí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò éèdì mọ́, kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ranni. Ó ń wò mí bí ẹni ń gbọ́ àlọ́.

Láti 1997 tí Fẹlá ti kú, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Olikoye Ransome-Kuti ti jáde sọ pé éèdì ni, a ṣì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Òfin Nàìjíríà ti 2014 ní ẹ má ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà míì tó bá ti débi ìbálòpọ̀, á ní ẹ lọ kà á nílé, àwa òbí náà á ní ẹ lọ bi tíṣà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ike omi kan ṣoṣo ni mo fi sí báàgì ẹ̀, mo ní káwọn méjèèjì jọ mu ún.

Ìyá aránṣọ, Ìkòròdú