Àlàó ọmọ mi, gbé ẹrù máṣíìnì ẹ kúrò nílẹ̀

Àlàó, ṣé dáadáa lo wà, ìyàwó mi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, a dúpẹ́. Ìyàwó mi fi fótò gáréèjì yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n bá òun bi ọ́ bóyá ìwọ nìkan lò ń gbé ilé yẹn. Mo wò ó, mo tún fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Àpótí ẹ̀yìn máṣíìnì wà lórí kẹ̀kẹ́ ọmọ, báàgì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dojú bolẹ̀ níbi jẹnẹrétọ̀, reenkóòtù tó ṣì ń ro omi lo ká sórí táyà àlòkù, àkọtó ẹ wá wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo náà ńkọ́? Mo rí i o, má rò pé mi ò rí i.

Mo mọ̀ pé wàá ní kò sáyè. Ilẹ̀ ló kún, ògiri ò tíì gbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó o tó kan ìṣó kankan, kó gbogbo ẹ̀ síta ná, èyí tó ò ń lò lójoojúmọ́ nìkan ni kó gun ògiri. Táyà tó ti jẹ tán, ṣéènì àtijọ́, sàlẹ́ǹsà tó ti dá lu, pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá kó o, torí kò sí bí mo ṣe máa gbà kó o náwó pákó fún pàǹtí.

Ọ̀rọ̀ ògiri gan-an ló kàn. O mọ̀ pé ìṣó àti fíṣà, rọ́bà kékeré tí sukúrú ń wọ̀ nínú ògiri, ni mo fi tọ́ yín, àwọn tó ń padà wá bá mi jà ní ṣọ́ọ̀bù pé fíṣà mi ò dáa, ògiri wọn ni wọn ò mọ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa, ì báà jẹ́ ínṣì 6 àbí ínṣì 9, inú ẹ̀ ṣófo, tó o bá lu ihò bọ́ sójú ibi tó ṣófo yẹn, bó o ṣe ń de sukúrú ni fíṣà á máa yí, kò ní mú láéláé. Fi òòlù kan ara ògiri jẹ́jẹ́ kó o tẹ́tí sí i, ibi tó bá dún gbòò, ihò ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ibi tó bá dún kì, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Tó o bá ti rí ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù méjì ti pàdé, na téèpù sókè ní nǹkan bí ínṣì 10, wàá rí ìkejì, torí búlọ́ọ̀kù kan ga ní ínṣì 9, sìmẹ́ńtì àárín ló kún un. Bíìtì nọ́mbà 8 fún fíṣà nọ́mbà 8, má fi bíìtì tó tóbi jù ú lọ lu ú kó o wá máa fi bébà dí i. Tí ibi tó o fẹ́ bá ṣófo tí kò sí bó o ṣe lè yẹ̀ ẹ́, gbẹ́ ẹ wọlé, ki pákó sí i, fi sìmẹ́ńtì dí i, kó o fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó gbẹ dáadáa kó o tó kan nǹkan mọ́ ọn, bí àwọn káfíńtà àtijọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Jọ̀ọ́, sọ fún láńlọ́ọ̀dù ná o. Tí kò bá gbà, tú báì tírì ni kó o fi kan férémù tó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀.

Àwọn báàgì yẹn, má kan ṣẹ́ẹ̀fù fún wọn rárá. Ṣebí wọ́n ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń há kàríà? Gbé ọ̀kan lọ bá wẹ́dà, kó wá páìpù tó nípọn tó irin kàríà ẹ gẹ́lẹ́, kó jó o mọ́ áńgù áyọ́ọ̀nù méjì, kí páìpù yẹn jìnnà sí ògiri tó kí ọwọ́ lè kọjá lẹ́yìn ẹ̀. Tó o bá dé lálẹ́, wàá yọ báàgì lára máṣíìnì, wàá fi kọ́ ògiri tòun ti ẹrù inú ẹ̀, láàárọ̀ wàá tún yọ ọ́ lọ, kò ní sí pé ò ń tú u ò ń dì í. Àpótí ẹ̀yìn náà, ra àwo ìdí ẹ̀ kan sí i, dè é mọ́ pákó, kó máa há síbẹ̀ bó ṣe ń há sórí máṣíìnì. Gbé máṣíìnì sórí sítáǹdì ńlá kó o tó wọn gíga o, torí ó máa ń ga sí i níbẹ̀, kí mírọ̀ má lọ máa gbá báàgì. Èyí tó bá wúwo, ìbàdí ni kó mọ, ẹni tó ti gun máṣíìnì látàárọ̀ kò tún gbọdọ̀ máa gbé àpótí gba orí kọjá.

Àkọtó ńkọ́. Má fi ìṣó kọ́ inú ẹ̀, fóòmù inú yẹn ló ń gba orí là, ibi tó bá sì ti tẹ̀ kì í padà mọ́. Wá rọ́bà ọ̀dà lítà 4 tó ti ṣófo, fọ̀ ọ́, fi sukúrú àti wọ́ṣà de ìdí ẹ̀ mọ́ ògiri, àkọtó á jókòó lé e, inú rọ́bà á gba kọ́kọ́rọ́ àti gílọ́ọ̀fù. (Ṣé o rántí January 2009 tí Road Safety ní dandan ni àkọtó, táwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá kiri ìgboro? Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n orí ẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.) Reenkóòtù, kọ́ ọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, má ká a ní tútù mọ́, àbí o ò gbóòórùn èbu tó ń mú ni.

Kẹ́ẹ̀gì epo kò ní ibì kankan lára ògiri yẹn. Ìta ni, lábẹ́ ibòji, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá, ó sì lè rá dé ibi iná kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìwọ náà ṣáà wà ní Ọ̀yọ́ nígbà tí Ọjà Àkẹ̀sán jó ní January 2020, o mọ ohun tí iná ń ṣe. Òórùn epo kan náà tún máa ń jẹ fóòmù àkọtó.

Pákó, tí owó bá ká a, ìrókò, ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ àfàrà lo rà, kùn ún ní Solignum, oògùn ikán yẹn, kó gbẹ níta kó tó wọlé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o fi ọ́ìlì tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnnì kùn ún, gbogbo báàgì ẹ ló máa dúdú, ó sì tún ń fa iná.

Mo ti di fíṣà nọ́mbà 8 pákẹ́ẹ̀tì kan, sukúrú ẹ̀, wọ́ṣà àti bíìtì tuntun sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ọ̀yọ́ máa gbé e wá lọ́la, lọ gbà á ní Owódé. Mo ti sanwó fún un, tó bá ní kó o mú owó wá, má dá a lóhùn.

Ìyá ẹ.