Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀dá Ìtàn Parí Kí Ojú Ìwé Kìíní Tó Bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán, jáde àti àwọn ayàwòrán tí wọ́n ń gbéṣẹ́ fún ló mú wa kọ̀wé yìí. Òǹkọ̀wé á gbé ìtàn àràmàǹdà kalẹ̀, ìtàn tó kún fún idán, abàmì ẹranko àti ìlú tí kò sí láyé. Wọ́n á pe ayàwòrán, wọ́n á sì ní kó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kìíní lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya àkókò sọ́tọ̀ fún bí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn náà yóò ṣe rí, kò sì sẹ́ni tó ka owó rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́. Kí wọ́n tó dé ojú ìwé kẹwàá, idà akọni ti gùn sí i, imú rẹ̀ ti yí padà, àpá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti bọ́ sí ọ̀tún. Wọ́n á wá ní ayàwòrán ò mọṣẹ́. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí wọn ò fún un láyè láti ṣe ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìwé olójú ìwé 22, tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní àpótí àwòrán márùn-ún sí mẹ́fà, á ní àpótí 110 sí 132. Tí akọni bá wà nínú ìdajì wọn péré, ìgbà 55 sí 66 la ó yà á. Ẹ fi bọ́tìnnì 12 sí ẹ̀wù rẹ̀, bọ́tìnnì 660 ó kéré tán ló di yẹn, nínú ìwé kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí àwòrán tó dára lára ìwé ìpolówó fi lè di ìyà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe kọ́míìkì. Ẹ̀dá kọ́míìkì gbọ́dọ̀ ṣeé yà láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti òkè, nígbà tó ń sáré àti nígbà tó ṣubú, kí òǹkàwé sì mọ̀ ọ́n kódà tí kò bá ga ju ìka ọwọ́ lọ nínú àpótí.

Ìtàn ni ayàwòrán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó tì, kó tó fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Kó kọ orúkọ gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ sílẹ̀, kó sì bi òǹkọ̀wé nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ló ń wá? Kí ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́? Ṣé ibi òtútù ló ń gbé ni àbí ibi tí oòrùn ti ń jóni? Ta ló rán aṣọ rẹ̀, kí ni wọ́n sì fi rán an? Ẹni tó ti ń lu irin láti kékeré kò lè ní èjìká kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń da ìwé kọ.

Lẹ́yìn náà ni òjìji. Kó ya ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan lọ́nà 20 sí 30, kí ìkọ̀ọ̀kan má ga ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, kó sì kùn ún dúdú látòkèdélẹ̀, láìsí ojú, láìsí imú. Kó to àwọn tó wù ú jù nínú òjìji àwọn ẹ̀dá pàtàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ẹni tí kò ka ìtàn náà rí kò bá lè dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: wọ́n á fi ọjọ́ mélòó kan ya ẹyinjú àti irun tó rẹwà, àmọ́ nínú àpótí tó fi ogun hàn láti òkèèrè, orí akọni lè má tó hóró ẹ̀wà. Ìrísí ara, aṣọ àti ìdúró ni òǹkàwé á fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Wọ́n máa ń kọ́ni pé ẹni rere ni kó rí róbótó, ẹni tó dúró gbọn-in ni kó ní igun mẹ́rin, ọ̀tá sì ni kó ní ṣóńṣó. A ò ta kò ó, ṣùgbọ́n tí gbogbo ọ̀tá bá ní ṣóńṣó, òǹkàwé á ti mọ ọ̀dàlẹ̀ kó tó dalẹ̀. Kí ìrísí ẹni kan yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń dúró tì í jù lọ, èyí ló ṣe pàtàkì.

Orí la fi ń wọn gíga. Àgbàlagbà lójú ayé máa ń ga tó orí méje sí méje àbọ̀, wọ́n sì sábà máa ń fún akọni ní mẹ́jọ. Ọmọ ọwọ́ kò ju bí orí mẹ́rin lọ, nítorí náà ẹni tó bá kàn sún àgbàlagbà kéré láti fi ṣe ọmọ, aràrá ló yà. Kí gbogbo ẹ̀dá dúró lórí ilẹ̀ kan náà nínú ìwé kan, kí ìlà sì gba ẹ̀yìn wọn kọjá, kí òmìrán má baà máa kéré sí i láti ojú ìwé dé ojú ìwé.

Ìwé àwòṣe, ìyẹn ìwé tó fi ẹ̀dá kan hàn láti ìhà gbogbo, ló kàn, òun la sì rí i tí wọ́n máa ń fò jù. Iwájú, ìdajì ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ gan-an àti ẹ̀yìn: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà ní àtàrí, ojú, àgbọ̀n, èjìká, ìbàdí, orúnkún àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń tú àṣírí. Ẹ wo idà tí akọni gbé kọ́ ẹ̀yìn, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn báyìí. Tí irin idà náà bá gùn ju apá rẹ̀ lọ, kò lè fà á yọ tán nínú àkọ̀ tó dé pa: apá á ti nà dópin, ṣóńṣó idà á ṣì wà nínú. Bó bá jẹ́ pé iwájú nìkan la yà, a ò ní mọ̀ títí ìjà á fi dé. Ọ̀nà àbáyọ wà: kó kọ́ ọ sí ìbàdí ní òdìkejì ọwọ́ tó fi ń jà, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ àkọ̀ náà là sílẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ìwé àwòṣe pé òsì àti ọ̀tún ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni a ń sọ, torí bí wọ́n bá yí àwòrán sódì lórí kọ̀ǹpútà, àpá, yẹtí àti idà ló máa ń bá a yí.

Ní ti ìrísí ojú, mẹ́jọ tó: ẹ̀rín, ìbínú, ẹ̀rù, ìyàlẹ́nu, ìbànújẹ́, ìfura, àárẹ̀, àti ojú tí kò sọ nǹkan kan. Kí àgbọ̀n máa wálẹ̀ bí ẹnu bá là. Àwọn kan máa ń la ihò sí ojú lásán, tí àgbọ̀n ò mì.

Abàmì ẹranko ló ń gba ìrònú jù. Idán lè gbé e fò, ṣùgbọ́n ojú òǹkàwé mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Apá albatross, ẹyẹ òkun tí apá rẹ̀ gùn jù láyé, lè tó mítà mẹ́ta àbọ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, síbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò 13. Ẹ wá ronú ìyẹ́ kéékèèké tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àgbàlagbà ọkùnrin. Iwájú àyà, lára egungun tó yọ síta, ni iṣan tí ẹyẹ fi ń fò so mọ́. Ẹ jẹ́ kí àyà ẹ̀dá abìyẹ́ ki, ojú á gbà á. Tó bá jẹ́ apá bíi ti àdán, ìka ọwọ́ tó gùn ni awọ náà nà lé, àtàńpàkò nìkan ló wà lọ́tọ̀ lókè. Ẹni tí kò mọ èyí á ya egungun márùn-ún lónìí, á ya méje lọ́la. Bákan náà ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: oríkèé tó dà bí orúnkún tó tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní 1878, ayàfọ́tò kan tó ń jẹ́ Eadweard Muybridge fi fọ́tò hàn ní California pé ìgbà tí ẹṣin kó ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ikùn ni gbogbo wọn máa ń kúrò nílẹ̀ bó bá ń sáré, kì í ṣe ìgbà tó nà wọ́n síwájú sẹ́yìn bí àwọn ayàwòrán ti ń yà á tipẹ́. Kí ẹni tó fẹ́ dá ẹranko tuntun lọ wo èyí tó wà láàyè bó ṣe ń rìn ná.

Fún ilé àti ìlú, ẹ ya ilẹ̀ wọn láti òkè: ibi tí ilẹ̀kùn wà, fèrèsé, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Láìsí èyí, ilẹ̀kùn á máa rìn kiri.

Àwọ̀ ló kẹ́yìn, kì í ṣe òun ló ṣíwájú. Kí ẹ sọ àwòrán di dúdú àti funfun kí ẹ tó gba àwọ̀ kankan wọlé. Bí aṣọ, awọ ara àti ẹ̀yìn àwòrán bá rí bákan náà, àwọ̀ kò lè gbà á là. Mẹ́ta tó fún ẹ̀dá kan: ọ̀kan tó gba ibi púpọ̀, ọ̀kan tó tẹ̀lé e, àti díẹ̀ tó ń pe ojú. Ẹ yan àwọ̀ kan fún idán, kí ẹ má sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ ewé àti búlúù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà máa ń ṣá nínú íńkì mẹ́rin tí àwọn atẹ̀wé ń lò. Fáìlì aláwọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 300 dpi (iye ẹ̀kán àwòrán nínú íǹṣì kan) ní ìwọ̀n tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, ìlà dúdú lásán kò gbọdọ̀ kéré sí 600. Ẹni tó bá sì ń yà á tóbi kí wọ́n tó sún un kéré, kó rántí pé ìlà tín-ín-rín á pòórá.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ayàwòrán fi àwọn ẹ̀dá náà ya ojú ìwé méjì nínú ìtàn gan-an, ọ̀kan ìjà, ọ̀kan ìjíròrò. Ohun tó bá ń gba àkókò rẹ̀ jù níbẹ̀, kí wọ́n gé e kúrò lára aṣọ lójú ẹsẹ̀. Fìlà tí wọ́n bá pààrọ̀ ní ojú ìwé 15, láti ojú ìwé kìíní ni wọ́n máa tún un yà.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń gbéṣẹ́ fúnni ni pé kí wọ́n kọ ìpele yìí sínú ìwé àdéhùn lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó tirẹ̀. Kí wọ́n kọ iye ẹ̀dá, ibùgbé àti ẹranko tó wà nínú rẹ̀, àti iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí ayàwòrán tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì tọ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo láàárín wọn ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, kó sì fi ìwé sọ ọ́. Fún akọni mẹ́rin, ibùgbé mẹ́ta àti ẹranko kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà fún ayàwòrán kan kò pọ̀ lójú tiwa.

Àwa ni,
Àwọn ayàwòrán kọ́míìkì tó ń ka ìwé yín.