Ẹ Fún Un Lóúnjẹ Kí Ẹ Tó Fún Un Ní Ààwẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Òǹkàwé yín kan béèrè láìpẹ́ yìí bí Kristẹni ṣe lè bọ́ nínú ìbànújẹ́ nígbà tí àfẹ́sọ́nà bá já a sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìdílé méjèèjì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá a lóhùn ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kó gun orí òkè lọ, kó sì jẹ́ kí wọ́n ṣe ìtúsílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́sọ́nà ni iṣẹ́ tí ìjọ gbé lé wa lọ́wọ́ níbí ní Kubwa, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba, òwò tàbí àgùnbánirọ̀ gbé wá sí Àbújá. A kò lòdì sí ààwẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n tètè mú un wá jù.

Ẹ ṣí Bíbélì sí 1 Àwọn Ọba orí 19. Nígbà tí Èlíjà sá dé aginjù, tó jókòó lábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì tó wá kò bá a wí, kò sì wáàsù fún un. Ó ní kó dìde, kó jẹun. Àkàrà orí ẹ̀yinná àti omi ló wà níbi orí rẹ̀. Wòlíì jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i pé kó tún jẹ, torí ọ̀nà tó kù jìn. Agbára oúnjẹ yẹn ló fi rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti wá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ kì í mọ̀ pé ebi ń pa òun. Ọ̀fun rẹ̀ á dí, oorun á dá lójú rẹ̀ ní aago méjì òru, á máa rò pé bí òun bá jẹun òun á bì í. Bí a bá wá kó ààwẹ̀ gbígbẹ lé e lórí, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, òòyì á ti máa kọ́ ọ. Bó bá ní ọgbẹ́ inú, á ti ru sókè. Ibi ìṣọ́ òru ni wọ́n á ti wá rí i tó ń gbọ̀n, wọ́n á ní ẹ̀mí òkùnkùn ló gbé e wọ̀. Ebi ni.

Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ dípò abọ́ ńlá méjì. Ife kókó (ògì gbígbóná) kan, irú èyí tí àwọn ìyá Hausa ń tà lẹ́bàá ọ̀nà láàárọ̀, pẹ̀lú kosai (àkàrà ẹ̀wà) mẹ́ta tàbí mọ́ínmọ́ín kan, kò gba agbára láti jẹ, ó sì ń dúró nínú. Píọ́wọ́tà márùn-ún lójúmọ́ kò pọ̀ jù. Ọ̀rá kan jẹ́ nǹkan bí ìdajì lítà, ooru Àbújá ní oṣù Kẹta àti Kẹrin kò sì mọ̀ bóyá ènìyàn ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó bá ń sunkún tí kò mumi, orí fífọ́ ló máa tẹ̀lé e, á sì rò pé ìbànújẹ́ ló ń fọ́ òun lórí. Kó yẹra fún kọfí lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, kó rìn fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹnì kan.

Ìṣòro Àbújá lọ́tọ̀ ni. Ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, bí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí sunkún fún wákàtí mẹ́ta, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn. Níbí, sẹ́ẹ̀fù-kọ́ntéènì ni ní Lugbe tàbí Dutse Alhaji, ìyá wà ní Adó-Èkìtì, aládùúgbò kò gbọ́ èdè ẹni. Ìjọ ló gbọdọ̀ yan ènìyàn méjì, obìnrin fún obìnrin, ọkùnrin fún ọkùnrin, kí wọ́n pín ọ̀sẹ̀ náà láàárín ara wọn. Kí wọ́n gbé kúlà oúnjẹ dání, kí wọ́n fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n jókòó. Bí ẹnì kan bá lè sùn tì í ní òru mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dára jù. Wọn ò gbọdọ̀ sọ pé "èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀", wọn ò sì gbọdọ̀ sọ pé "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀". Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ sunkún.

Nígbà tí oúnjẹ bá ti ń dúró nínú, àdúrà yá. Kì í ṣe àdúrà "kó ṣubú, kó má dìde" tí àwọn kan máa ń gbà sí ẹni tó já wọn sílẹ̀. Orin Dáfídì 13 la fi ń kọ́ wọn, torí ẹsẹ 6 péré ni, ó sì ní ìrìn. Ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ẹ̀sùn: ìgbà mẹ́rin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹsẹ 3 àti 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin wá ní ẹsẹ 5 àti 6. Kí onítọ̀hún mú ìwé àti bírò, kó kọ tirẹ̀ ní ìpín mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìkọ̀ọ̀kan, ní èdè tó fi ń sunkún gan-an. Kó dárúkọ ohun tó ń dùn ún: "Olúwa, láti oṣù Kẹfà ló ti mọ̀ pé òun ò ṣe mọ́, ó sì ń wò mí bí mo ṣe ń ra aṣọ." Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń sáré kọjá ẹsẹ 1 àti 2, torí wọ́n ti kọ́ wọn pé ìráhùn jẹ́ àìnígbàgbọ́. Wọ́n á bọ́ sórí ìyìn, ìyìn náà ò ní kọjá ẹnu. Bí ẹsẹ 5 kò bá tíì wá lónìí, kó dúró sí ẹsẹ 4. Inú òkùnkùn ni Orin Dáfídì 88 parí sí, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Ọgbẹ́ kan wà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, òun la sì ń bá pàdé jù: "Ọlọ́run ló fi hàn mí pé ọkọ mi ni." Wòlíì ti sọ ọ́, ìyá nínú Olúwa ti rí i lójú àlá, òun fúnra rẹ̀ ti gba àmì. Nígbà tí ọkùnrin náà wá lọ, ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run náà parọ́ fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. A máa ń ní kó fa ìlà sí ìwé ní òpó mẹ́ta: ohun tí wọ́n sọ gan-an, ẹni tó sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́, ohun tí ẹni náà ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Òpó kẹta yẹn ló máa ń lani lójú. Wòlíì tó ti ń rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ lórí ìjókòó kan fún oṣù mẹ́rin kò nílò ìran kó tó mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra. Pọ́ọ̀lù ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò (1 Kọ́ríńtì 14:29). Bí wọn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Kí pásítọ̀ pe ẹni tó ríran jókòó. Ó nira fún àwọn àgbà ìjọ, a mọ̀, àmọ́ bí aríran náà bá lè sọ ọ́ lójú ọmọ náà pé "èrò ọkàn mi ni, kì í ṣe ti Olúwa", ìyẹn ń ṣe ohun tí ogún ìṣọ́ òru kò lè ṣe. Ẹni tó bá sì ní òun tún ti rí ọkọ mìíràn fún un kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ ní kó máa gbé ìran náà mọ́ra ná.

Bó bá jẹ́ jẹ́nótáìpù ló tú wọn ká, ó yàtọ̀, torí kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kan. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe níbòmíràn kí wọ́n tó pinnu. Ibi àyẹ̀wò máa ń ṣe àṣìṣe. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn kó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ mẹ́ta á kọ́kọ́ yè; àkọ́bí lè jẹ́ SS, kí ìkejì náà tún jẹ́ ẹ. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n ní àwọn ti fi ìgbéyàwó sílẹ̀, kí wọ́n sì máa pera wọn ní gbogbo alẹ́ títí di aago kan òru.

Fóònù ló ń ṣí ojú ọgbẹ́ padà. Kó má pa ohun gbogbo rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kìíní o: bí wọ́n bá jọ dá owó ilẹ̀, tàbí ó yá a lówó, inú WhatsApp yẹn ni ẹ̀rí wà. Kó lo Export chat, kó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ̀. Kó kó àwòrán sórí fláàṣì, kó gbé e fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, kó fi ọ̀rọ̀ náà sí Archive, kó tẹ orúkọ onítọ̀hún mọ́lẹ̀ níbi status, kó yan Mute. Fún oṣù kan gbáko, kò sí ìpè àfi ti ẹrù tàbí gbèsè, ẹni kẹta ni kó sì pè. Wọ́n á ní àwọn á ṣì máa ṣọ̀rẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, bóyá.

Ti ìdílé kò gùn. Àgbà kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan ni kó gbé ẹrù mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún ara wọn, kì í ṣe àwọn ọmọ. Iṣu àti oyin tí wọ́n ti jẹ, wọ́n ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Òrùka àti aṣọ tí wọn ò tíì rán ni kí wọ́n dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti dárí jini ṣì lè béèrè owó rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú ìjọ kan, kí pásítọ̀ fi ẹnì kan sí ìsìn kìíní, ẹnì kejì sí ìsìn kejì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìkéde.

Ibì kan wà tí kúlà oúnjẹ àti àdúrà nìkan kò tó. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò lè sùn, tí kò lè lọ síbi iṣẹ́, ó ti tó ẹni tí dókítà ń wò. Bó bá wá sọ pé ó sàn kí òun kú, ì báà jẹ́ bí àwàdà, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lórí. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti oògùn kòkòrò kúrò nínú yàrá náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada ní àwọn dókítà ọpọlọ. Ẹni tó wà ní Kàdúná lè lọ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní Barnawa. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Kí pásítọ̀ bá a lọ, kí ó má kàn fi ránṣẹ́. Èlíjà náà tọrọ ikú, wọn kò torí ẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn wòlíì.

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Sátidé kì í lọ ní Àbújá láìsí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́. Ó lè sanwó aṣọ kó má lọ. Ó lè dé ṣọ́ọ̀ṣì kó má dé ibi àsè. Ẹ má fi ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó fún oṣù mẹ́fà, àfi bí òun bá bẹ̀ yín. Bí Kérésì bá sì ń bọ̀, kí ìyá ti bá àwọn àǹtí sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó wọkọ̀ ní gáréèjì Jabi, kí wọ́n má bàa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú "ọkọ wa dà?"

Àwa ni tiyín,
Ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn ìfẹ́sọ́nà,
Ìjọ Yorùbá kan ní Kubwa, Àbújá.