Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Wà ní Kent

Àǹtí mi,

Wọ́n ti rí Susan o.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í wo Doctor Who mọ́, eré tẹlifíṣàn BBC tí Doctor ti ń rìn láti ọdún dé ọdún, tí Susan sì jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ fún yín. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń fi ṣíbí bọ́ màmá kan nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tẹlifíṣàn rẹ̀ sì wà ní títàn. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, Carole Ann Ford tó ń ṣe Susan ni mo rí. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ fi í sílẹ̀ nínú eré náà, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1964. Ẹni ọdún 84 ló padà dé yìí. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. Màmá náà ní kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan, mo rí ọmọ ìyá mi kan ni.

Ojú ìran ló ti yọ sí bàbá àgbà rẹ̀ o, kò tíì délé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Ncuti Gatwa tó ń ṣe Doctor nígbà yẹn para dà di ẹlòmíì, bí Doctor ṣe máa ń ṣe, ó lọ, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1964, Àǹtí mi!

Ẹ rántí 1981. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ lò lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn. Ẹ ti pé ọmọ ọdún 15, ọdún méje lèmi. Yorùbá tẹ́ẹ gbọ́ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, Gẹ̀ẹ́sì tèmi náà ò ju ti kíláàsì kejì lọ. Ṣùgbọ́n tí NEPA bá ti mú iná lọ, ẹ óò tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀, ẹ óò gbé àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yín, èyí tí Terrance Dicks kọ ní 1977 lórí bí àwọn Dalek, ọ̀tá tó ń gbé inú ẹ̀wù irin, ṣe gba London. Nígbà tẹ́ẹ fẹ́ kí n mọ bí Dalek ṣe ń jáde látinú odò Thames, ẹ da korobá borí, ẹ na ọwọ́ ìgbálẹ̀ síwájú, ẹ sì ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ìgbà tẹ́ẹ dé ibi tí Susan wà lẹ pa ìwé dé. Ẹnu lẹ fi sọ ìyókù. Bàbá àgbà rí i pé bàtà ọmọ náà ti lu, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun á bá a tún un ṣe, ó wọ inú TARDIS, ọkọ̀ tó ń gbé e láti ọdún dé ọdún, ó tilẹ̀kùn mọ́ra. Inú ọkọ̀ náà ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ pé lọ́jọ́ kan òun á padà wá. Ọmọ dúró síta pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní ká ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, lọ́jọ́ kejì ni bàtà náà ìbá ti parí. Bàbá náà ìbá ṣílẹ̀kùn, á ní "Susan, gba bàtà rẹ," á wá bi í léèrè bóyá ó fẹ́ dúró tàbí ó fẹ́ máa bá òun lọ.

Ibi tẹ́ẹ tún un ṣe dé nìyẹn. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wò ó, mi ò sì tíì gbọ́ àtúnṣe tó jù ú lọ. Àwọn ẹlòmíì ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún àwọn Dalek àtijọ́ yà, kí wọ́n tún ògiri páálí tó ń mì yẹn ṣe. Ẹ jẹ́ kí ògiri máa mì. Ìlẹ̀kùn ni kí wọ́n bá mi tún ṣe. Ní 1966, wọ́n ní kí Dodo, ọmọbìnrin tó ń bá Doctor rìn, lọ sinmi lábúlé, iṣẹ́ ló rán wá pé òun ò bá wọn lọ mọ́, ó parí. Ní 1976, Doctor já Sarah Jane, ẹlòmíì tó ń bá a rìn, sílẹ̀ pé ilé rẹ̀ ní Croydon nìyẹn, àṣé Aberdeen ni, ó sì di 2006 ká tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní 1983 tí wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kí Susan pàdé bàbá àgbà rẹ̀, Hartnell tó kọ́kọ́ ṣe Doctor ti kú láti 1975, ẹlòmíì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi bàbá náà léèrè pé ibo lo wà látọjọ́ yìí. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo eré náà nìyẹn. Ọkùnrin tó lè lọ sí ọdún tó bá wù ú!

BBC gan-an pa púpọ̀ nínú fídíò eré náà rẹ́, torí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀. Ní 2013 ni wọ́n kéde pé wọ́n rí apá mẹ́sàn-án ní Jos, nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún, níbi tó ti wà láti ọdún gbọ́nhan. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, àpótí Bàbá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí a sin Bàbá ní 2022, tí ẹ ò wá, èmi ni wọ́n ní kí n tú àpótí náà. Lábẹ́ agbádá ni mo ti bá bébà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ọmọdé ni wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà sí i. Ìlà rẹ̀ pé méjì níbi àtàǹpàkò, bíi pé ọmọ náà mi ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á. Bàbá kọ ọ́ sí etí rẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún, August 1971.

Kì í ṣe ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Ọdún tẹ́ẹ wá yẹn náà, lẹ́yìn tẹ́ẹ lọ tán, mo rí i, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé e. Bàbá wọlé. Kò pariwo mọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ká a, ó ní kí n lọ pọnmi wá. Màmá ló sọ fún mi pé bàtà ló ní òun á fi ránṣẹ́ sí yín, pé tó bá di Kérésìmesì òun á wá mú yín lọ́dọ̀ Nanny, ìyá òyìnbó tí wọ́n fi yín sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń dàgbà ni ìdí tí kò fi wá ń yí padà. Wọ́n ní kẹ́ ẹ parí sáà iléèwé ná. Wọ́n ní owó ọkọ̀. Wọ́n ní Nanny ti mọ́ yín lára. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World nígbà yẹn pé kí òyìnbó gbà tọ́, ọmọ ilé wa tó bá yẹn lọ ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bàtà ńkọ́? Kí ló ṣòro nínú bàtà? Mo máa ń jí lóru rò ó.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí mi? Ní Ìkẹjà, lọ́jọ́ tẹ́ẹ ń lọ, ẹ fi ìwé yẹn lé mi lọ́wọ́, ẹ ní ẹ óò fi èyí tó tẹ̀ lé e ránṣẹ́, ẹ ní nígbà ìsinmi mìíràn ẹ óò padà wá. Ọdún méjì gbáko, tí Bàbá bá ti ti ilé-ìfìwéránṣẹ́ dé, mo ń tú báàgì rẹ̀ wò. Mo mọ ohun tí wọ́n fojú yín rí. Mo mọ̀ pé ọmọdé lẹ. Ọmọdé lèmi náà.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo dé ìlú òyìnbó yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ gbé fóònù mi. Òfin tí wọ́n ṣe ní 11 March 2024 ni kò jẹ́ kí n lè mú àbíkẹ́yìn mi dání, wọ́n ní àwa tó ń tọ́jú arúgbó ò lè mú ọmọ wá mọ́. Ọmọ ọdún 12 ni. Ní Kérésìmesì tó kọjá mo sọ fún un pé mò ń bọ̀. Gbèsè ìwé tí mo fi wọlé kò jẹ́. Mo tún ti sọ pé Kérésìmesì tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu mi, ohùn Bàbá ni mo gbọ́.

Lánàá ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bébà ìwé rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi WhatsApp ránṣẹ́. Bàtà iléèwé ló fẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mọ́mì, ẹ tètè rà á o, ẹsẹ̀ mi ń dàgbà."

Ọjọ́bọ̀ ni ọ́ọ̀fù mi. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́sàn-án ni màá wọ̀, bébà yín wà nínú báàgì mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka iye ẹsẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ ra bàtà ọmọ yín.

Àbúrò yín