Àkànní, níbo lò ń sùn?

Àkànní ọkọ mi,

Mo kí ẹ o. Ṣé dáadáa lo wà? Má dá mi lóhùn pé "dáadáa ni mà," mo ti gbọ́ ìyẹn tó. Àbúrò ẹ ló ń bá mi tẹ èyí torí ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran lórí fóònù mọ́, bí mo bá sì pè ẹ́ o kì í gbé e, bó o bá gbé e wàá ní o wà lẹ́nu iṣẹ́, wàá pè mí padà, ó di ọjọ́ kẹrin. Ni mo bá ní kí n kọ ọ́, bóyá tó o bá ráyè lóru wàá kà á. Níbikíbi tó o bá wà lóru. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ gan-an nìyẹn: níbo lò ń sùn?

Jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O rántí pé mo fi èlùbọ́ àti ata gígún rán ọmọ Ìyá Ìbejì sí ẹ, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston yẹn, nígbà tó wálé wá sìnkú. Ọmọ yẹn ṣe dáadáa o, ó wa mọ́tò láti Katy tó ń gbé wá sí àdúgbò Bissonnet lọ́jọ́ ìsinmi ẹ̀ torí èlùbọ́ ẹlòmíì, ó kan ilẹ̀kùn ní àdírẹ́sì tó o fún mi, ọmọkùnrin kan yọjú, ó ní o ò gbé ibẹ̀ mọ́, ó ti pé oṣù méjì. Oṣù méjì, Àkànní! Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ni mo bi ẹ́ pé ilé ńkọ́, o ní ilé wà. Ilé wo?

Ó tún kù. Wọ́n ní ọmọkùnrin yẹn ní òun rí mọ́tò ẹ níwájú ilé ìtajà kan ní nǹkan bí aago méjì òru, aṣọ wà lójú fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni. Ìwọ náà mọ ẹnu Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ ní ṣíbí kan, kó tó dé Gbági á ti kún agolo. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi.

Ilé wà dáadáa. Ẹsẹ̀ bàbá ẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Ayálégbé iwájú ò tí ì sanwó, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀ bí ẹni tó ti san án. Àbúrò ẹ ti ṣe WAEC tán, ó ní òun mọ gbogbo ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ èyí, a jọ máa rí i.

Wò ó, èmi ò lọ yunifásítì, àmọ́ ó lé ní 30 ọdún tí mo ti ń ta aṣọ, mo mọ ìṣirò. Mo jókòó sí ìsọ̀ lánàá, mo to gbogbo ohun tó o ti ń sọ fún mi díẹ̀díẹ̀ látìgbà tó o ti débẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù tó o ti ń ṣiṣẹ́, 17 dọ́là ni wọ́n ń san ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n ń fún ẹ ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ó ń lọ sí bíi 2,700 lóṣù kí ìjọba tó yọ tiwọn, inú wa dùn, o ní ìpínlẹ̀ Texas ò gba owó orí lórí owó iṣẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni, mo ní Ọlọ́run ló yan ibẹ̀ fún ẹ. Èmi wá ń fi náírà ṣírò ẹ̀ nínú ọkàn mi bí òmùgọ̀. Bẹ́ẹ̀, dọ́là lò ń gbà, dọ́là náà lò ń ná. Yàrá kan tó o gbà nínú ilé ọ̀rẹ́ ẹ, 600. Owó mọ́tò tó o rà láwìn, 480. Ìnṣọ́ránsì 260, torí wọ́n ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀ níbẹ̀. Epo 180, iná tẹ́ ẹ jọ ń dá 70, fóònù 50, oúnjẹ mo fi sí 300, mo sì mọ̀ pé o kì í jẹun kánú. 1,940 nìyẹn. Kò tí ì kan bàtà, kò tí ì kan oògùn, kò tí ì kan táyà tó bẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹta o ní wọ́n ti dín wákàtí kù sí 25. 25 lọ́nà 17, 425 lọ́sẹ̀, 1,700 lóṣù, wọn ò sì tí ì yọ owó orí o. Àkànní, 1,700 ò lè gbé 1,940. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gan-an á sọ fún ẹ.

Síbẹ̀ lóṣù kẹta yẹn o fi 200 dọ́là ránṣẹ́. Oṣù kẹrin, 200. Oṣù karùn-ún, 200. Níbo lo ti ń rí i? Mo gbà á, mi ò bèèrè, mo fi ra páànù, mo fi ìyókù ra aṣọ ẹbí ìyàwó ọmọ alága ọjà wa. Mo sì sọ fún gbogbo ayé pé ìwọ lo rà á fún mi.

Kì í ṣe torí owó ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó di oṣù kẹta báyìí tí nǹkan kan ò wọlé, mi ò sọ nǹkan kan. Àbí mo sọ? Ó dáa, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Jọ̀ọ́, má bínú.

Inú ló bí mi sí mọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀, mo ní ta ló ní kó o ra mọ́tò láwìn, ṣé bọ́ọ̀sì ò sí ni? Ọmọ Ìyá Ìbejì ló là mí lójú. Ó ní bọ́ọ̀sì wà, 1 dọ́là àti sẹ́ńtì 25 péré ni, àmọ́ ìlú yẹn fẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, èèyàn lè wa mọ́tò fún wákàtí kan gbáko kó ṣì wà nínú Houston kan náà, ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́rin ìdájí, bọ́ọ̀sì wo ló fẹ́ dúró dè. Mo dákẹ́. Ó tún ṣàlàyé kírẹ́díìtì yẹn fún mi, ó ní nọ́ńbà tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń san gbèsè ẹ̀ ni, láti 300 dé 850, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní rárá, bí ẹni tí wọn ò tí ì bí. Onílé á fẹ́ rí i, àwọn oníná á fẹ́ rí i (ó ní níbẹ̀ èèyàn ló ń yan ilé iṣẹ́ tó máa ra iná lọ́wọ́ wọn, bí ìgbà téèyàn ń yan ẹni tó máa ra ata lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kí wọ́n máa gbádùn, àwa rèé tá a ń bá Band A jà), tí wọn ò bá rí i, àfi kó o kówó sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ onílé sì tún ní kówó oṣù ẹni tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé. Mo wá mọ̀dí tó o fi há sínú yàrá ọlọ́yàrá. Níbí onílé á ní kó o san ọdún kan, ọdún méjì, ìwà ìkà ni, àmọ́ tó o bá ti lè san án, ilẹ̀kùn dọwọ́ ẹ. Níbẹ̀ oṣù-oṣù ni, ó jọ ohun tó rọrùn, àfi tó o bá jẹ oṣù kan, wọ́n ní ìwé pé kéèyàn kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni kí wọ́n tó gbéni lọ kóòtù.

Oṣù kẹjọ la wà yìí. Wọ́n ní ooru ibẹ̀ lásìkò yìí ju ti oṣù kẹta níbí lọ, pé mọ́tò tí wọ́n bá tì pa á máa gbóná bí ààrò. Tó o bá ṣí fèrèsé, olè. Tó o bá tì í, ooru. Tó o bá tan AC, epo. Kí lo fẹ́ ṣe? Mi ò sọ pé inú mọ́tò lò ń sùn o. Mo kàn ń bi ẹ́ ni. Níbo lò ń sùn?

Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò ẹ. Mo ní kó lọ wo ìkòkò. Kò sí ìkòkò lórí iná. Èmi fúnra mi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, tó o bá rí àṣìṣe, fojú fò ó.

Lọ́dún 1987 tí mo lọ Èkó, mo kọ lẹ́tà sí màmá mi ní Ìsẹ́yìn pé mo ti rí yàrá ní Mushin. Mo kọ àdírẹ́sì sí i, ojúlé 22. Kò sí yàrá kankan. Inú ìsọ̀ ọ̀gá mi ní Ìdúmọ̀tà ni mò ń sùn, lórí ìdì aṣọ, ó máa ń tì mí mọ́bẹ̀ látìta tó bá ń lọ sílé lálẹ́, inú ike ni mò ń tọ̀ sí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Mo ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ọwọ́ alájọ ni mo ti ń yá a, torí wọ́n sọ fún mi pé màmá mi ń fi mí yangàn lọ́jà, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan màmá mi gbéra láìsọ fún ẹnì kankan, ó di èlùbọ́ rù, ó wá mi wá sí Èkó. Ó dé Mushin, ó dé ojúlé 22, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó wá mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Garáàjì ló sùn sí, ó fi àpò èlùbọ́ ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀ padà. Kò sọ ọ́ fún mi. Mo délé lọ́dún, ó ro ọkà fún mi, ó ní Mushin ńkọ́, mo ní Mushin wà. Ó ní ó dáa. Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú ẹ̀ ni àbúrò ẹ̀ tó sọ ọ́ fún mi, níbi tá a ti ń fọ abọ́.

Bàbá ẹ ò mọ̀. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Mo fẹ́ bínú sí ẹ pé o purọ́ fún mi, mi ò rí i bínú dáadáa. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún méje, tí alájọ bá ń bọ̀, èmi ni mo máa ń ní kó o lọ sọ pé mi ò sí nílé. O máa ń sọ ọ́ dáadáa, ojú ẹ kì í yí. Mo máa ń fún ẹ ní gúgúrú. Ilẹ̀ Mónìyà tí mo tà, èmi ni mo tà á, ìwọ ò ní kí n tà á, ṣọ́ọ̀bù tí wàá ti máa tún fóònù ṣe lo fẹ́ ṣí, mo ní ọmọ ta ni ò ní lọ Amẹ́ríkà tí ìwé ẹ̀ bá ti jáde. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, tó o bá sọ ọ́ fún mi lónìí...

Jẹ́ n má sọ ìyẹn ná.

Ọmọ Ìyá Ìbejì ní kó o pe 211 lórí fóònù, wọ́n á sọ ibi téèyàn ti lè róúnjẹ àti ibi tó lè sùn sí. Ó ní Houston Food Bank náà ń fúnni lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an máa ń tò níbẹ̀, kí ni tìẹ tó ò ń tijú. Tí ara ò bá yá, má dùbúlẹ̀ torí owó ọsibítù, ó ní Harris Health, àwọn ọsibítù ìjọba ibẹ̀, ní ètò fún àwọn tówó wọn ò pọ̀ ní Harris County. Má jẹ́ kí ìnṣọ́ránsì já. Má sì fi 200 kankan ránṣẹ́ mọ́! Tó o bá fi ránṣẹ́ mà á dá a padà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà, àmọ́ mà á wádìí ẹ̀.

Ya fọ́tò ibi tó o máa sùn lálẹ́ òní, fi ránṣẹ́ sí mi. Tó bá jẹ́ mọ́tò, ya mọ́tò. Má kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀. Tó o bá ní kí n má fi han bàbá ẹ, kò ní rí i.

Èlùbọ́ ẹ ṣì wà ní Katy. Ọmọ yẹn ní òun kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní yàrá kan wà tí ọmọ òun ń kó nǹkan ìṣeré sí, pé kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Mi ò ní dandan ni kó o lọ o. Mo kàn ń sọ fún ẹ pé tó o bá débẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kó o kàn, aago ẹnu ọ̀nà ti bàjẹ́.

Èmi ni,
Màmá ẹ